Àgbọn Dídùn Tí Ọ̀bẹ Lè Gé

Bàbá ní kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí a ó fi ṣíbí bù. Inú páànù kan ṣoṣo ni kí ó wà, kí ó dì, kí n gbé e kalẹ̀ lójú gbogbo wa, kí n fi ọ̀bẹ gé e, kí ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú èyí tí ó wù ú. Bí mo bá lè ṣe ìyẹn, ó lè jẹun lọ́wọ́ mi kí ó tó kúrò ní Warri. Bí n kò bá lè ṣe é, bí a ṣe wà náà ni a ó máa wà títí ọ̀kan nínú wa yóò fi sin èkejì.

Àbúrò ìyá wa ni Bàbá tí mo ń wí yìí. Apẹja ni wọ́n nígbà tí apá wọn ṣì lè fa àwọ̀n, àwọn ni wọ́n sì kó ìyá wa àti àwa ọmọ láti etí òkun Ìlàjẹ wá sí Ugbuwangue ní Warri. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Ẹ̀gbọ́n mi lọ́kọ sí Ekete, tí kò jìnnà sí wa. Èmi dúró sí etí omi níhìn-ín, mo ń yan kéèkì àti bisikíìtì, mo ń tà wọ́n fún àwọn ilé ìwé àti àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Inú mi kì í pẹ́ bí, ahọ́n mi sì máa ń ṣáájú mi dé ibi tí mo ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀, bí inú bá bí i, á dákẹ́ ni, ìdákẹ́ yẹn a sì máa dunni ju èébú lọ.

Láti ìgbà tí a ti sin ìyá wa, ẹ̀gbọ́n mi kò fi ẹnu kan ohunkóhun nílé mi. Kì í ṣe pé kì í wá. Bí ara ọmọ mi kò bá yá, á wá. Bí ọdún bá dé, á wá, á jókòó sí etí àga bí ẹni tó fẹ́ dìde, á gbé báàgì lé itan. Mo gbé ìrẹsì wá, ó ti yó. Mo gbé omi wá, òùngbẹ kò gbẹ ẹ́. Ẹja tí àwa méjèèjì jẹ dàgbà, ó ní dókítà ní kí òun má jẹ ẹja mọ́. Dókítà wo ni yóò sọ fún ọmọ Ìlàjẹ pé kí ó má jẹ ẹja? Kò sí ẹni tó bi wá ní ohun tó fà á, nítorí gbogbo ẹbí ló mọ̀. Láàárín wa, ẹni tí kò bá jẹun lọ́wọ́ rẹ ti sọ ohun tí ó ń rò nípa rẹ, kò sì tíì la ẹnu.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tí ìyá wa darúgbó, tí eyín wọn ti lọ tán, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ ni àgbọn dídùn tí mo máa ń sè. Mo máa ń rin àgbọn, mo máa ń fún omi rẹ̀, mo máa ń da ṣúgà àti mílíìkì inú agolo sí i pẹ̀lú bọ́tà díẹ̀, mo sì máa ń rò ó lórí iná títí tí á fi ki, tí àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n díẹ̀. A máa ń fi pa búrẹ́dì bí ẹni fi bọ́tà pa á, ṣùgbọ́n ìyá wa fẹ́ràn kí n bù ú sínú ife kí wọ́n máa fi ṣíbí lá a. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo bù ú fún wọn, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n lọ sùn. Ilẹ̀ mọ́, wọn kò jí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá wọn fà á tipẹ́tipẹ́, dókítà sì ti kìlọ̀ fún wa pé ìgbàkígbà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sáré dé láti Ekete, ohun tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bà ni ife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó gbé e, ó gbóòórùn rẹ̀. Lójú àwọn ará ilé, lójú àwọn ọmọ ìjọ tó ti pé síbẹ̀, ó ní, “Kí lo fún ìyá jẹ?”

Mo ní, “Ohun tí ẹ̀yin ò ráyè wá fún wọn ni.”

Àwọn kan sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó yẹ kí n gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Títí di òní yìí, n kò mọ bí ẹni tí òkú ìyá rẹ̀ wà ní yàrá ṣe ń gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mì. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan yẹn ni a sọ fún ara wa, lẹ́yìn náà kò tún sí ọ̀rọ̀ mọ́, àfi “Mo ti yó.” Ó dùn mí. Ó dùn mí ju ikú ìyá wa lọ ní àwọn ọjọ́ mìíràn, nítorí ikú kò fi ẹ̀sùn kàn mí.

Nígbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ti ṣiṣẹ́ irin ní Aladja, kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọ́n ká, ó ní òun ń padà sí etí òkun, òun ń lọ máa gbé ilé bàbá wa. Ó ní òun kò ní bojú wẹ̀yìn. Ìyẹn ni Bàbá fi ránṣẹ́ pè mí. Ìlàjẹ ni wọ́n máa ń sọ, mo kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí gbogbo ọmọ Yorùbá yóò ṣe gbọ́ ọ ni.

Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n rẹ ń lọ. Ṣé báyìí ni yóò ṣe lọ?”

“Bàbá, ṣé èmi ni mo ní kí ó máa lọ ni?”

“Mi ò bi ọ́ ní ẹni tó ní kí ó máa lọ. Mo ní, ṣé báyìí ni yóò ṣe lọ?”

Wọ́n ní àwọn ti bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó ti gbà láti yà nílé mi kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, kí a gbàdúrà, kí a sì jọ fi nǹkan kan ẹnu. Wọ́n ní àgbọn dídùn náà gan-an ni a ó jẹ.

Mo fò dìde. “Kí ni ẹ wí, Bàbá? Ṣé ẹ fẹ́ kí ó sá jáde ni?”

“Jókòó. Bí o bá gbé ìrẹsì fún un, tí ó tilẹ̀ jẹ ẹ́, àgbọn yẹn ni yóò ṣì máa rò. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ni a ó fi parí rẹ̀.” Wọ́n fi ọwọ́ nu ojú. “Ife ni kò fọkàn tán. Ohun tí a bù sínú ife, ti ẹnì kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a gé lára odidi, ti gbogbo wa ni. Bí ó bá mú ti àárín, bí ó bá mú ti igun, òun ló yàn án. Ìwọ tí o sè é ni yóò sì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, bí a ti ń ṣe láyé àwọn bàbá wa.”

Mo ní mo ti gbọ́. Lójú mi nígbà náà, títọ́ ọ wò kọ́ ni ìṣòro. Kí ó dì ni ìṣòro.

Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ mi yóò mọ ìdí. Ohun tí a fi ń pa búrẹ́dì kò fẹ́ dúró lórí kéèkì. Mo yan ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fúláwà, bọ́tà àti ṣúgà, ìyẹn gbó dáadáa, ó le, ó ń ró lẹ́nu. Mo da àgbọn náà lé e lórí, mo jẹ́ kí ó tutù. Nígbà tí mo gé e, àgbọn náà wo ọ̀bẹ, ó wo èmi, ó sì rọra ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ sínú páànù. Ooru Warri kò tilẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Iná ìjọba náà, ẹ jẹ́ kí a má sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ lo sítáàṣì. Bí ó bá jẹ́ Ìbàdàn ni mo gbé dàgbà ni, kò ní wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ní ìlú tí a ń gbé yìí, bí ènìyàn bá fẹ́ kí nǹkan ki, sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí a fi ń jẹ ọbẹ̀ ẹyìn, èyí tí wọ́n ń pè ní banga, ni ọkàn rẹ̀ máa ń lọ sí. Mo pò ó mọ́ omi àgbọn, mo dà á sí i, ó ki, ó ń dán, inú mi dùn. Mo jẹ́ kí ó tutù, mo ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Ọ̀bẹ wọlé, kò fẹ́ jáde mọ́. Mo fa ọ̀bẹ sókè, àgbọn náà tẹ̀lé e, ó ń nà títí ó fi fẹ́ kan imú mi.

Ọmọ mi obìnrin, tó ti parí ilé ìwé girama, dúró tì mí. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Píjìn ni ẹnu rẹ̀. Ó ní, “Mummy, dis one na to swallow am with banga o.”

Mo ní kí ó jáde kúrò ní ilé ìdáná mi. Ó rẹ́rìn-ín jáde. Èmi kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi yóò lọ ti ń sún mọ́, mo sì mọ̀ pé bí mo bá gbé ohun tó ń fà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, kò ní dúró gbọ́ àlàyé.

Mo tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí n kò fi nǹkan kan sí i, mo kàn jẹ́ kí ó pẹ́ lórí iná, mo ń rò ó títí tí èjìká fi ń dùn mí, títí tí èyí tí mo kán sínú omi tútù fi di róbótó láàárín ìka mi. Ó kù kí ó tutù. Kò sí iná, fíríìjì mi ti di àpótí lásán. Aládùúgbò mi, tó ń ta ẹja, ní kúlà ńlá tó kún fún yìnyín. Mo fi ọ̀rá wé páànù náà, mo bẹ̀ ẹ́, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú yìnyín láàárín àwọn ẹja rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e jáde, ó ti dì gbagidi. Mo gé e, igun rẹ̀ mú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dán. Mo fẹ́ jó. Mo pe ọmọ mi kí ó wá tọ́ ọ wò.

Ó fi sẹ́nu, ó dúró, ó wò mí. “Mummy, na fish.”

Mo tọ́ ọ wò, n kò gbọ́ òórùn kankan. Mo tún un tọ́ wò. Ó ní, “Na fish, I swear.” Mo gbé e fún aládùúgbò mi kan tí kò bá wa pẹja, ó yọ ọ́ kúrò lẹ́nu. Ẹni tó ń fi bọ́tà ṣiṣẹ́ mọ̀ pé ohun ọlọ́ràá máa ń fa òórùn mọ́ra. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì máa ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n inú èéfín ẹja ni wọ́n bí mi sí, imú mi kò ka ẹja kún òórùn. Kí n tó gbé páànù náà wọlé pàápàá, ojú rẹ̀ ti ń làágùn, àgbọn náà sì ti ń rọ̀. Ẹ̀rù bà mí nígbà náà. Ká ní n kò fún ọmọ mi ni, ohun tó ní òórùn àjèjì ni mo fẹ́ gbé fún ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó gbóòórùn ife.

Mo jókòó lórí àpótí, mo ń bínú sí gbogbo ayé. Oúnjẹ mi wà níwájú mi, ẹ̀kọ tútù àti ọbẹ̀ ata, n kò sì lè jẹ ẹ́. Mo tú ewé ẹ̀kọ náà lásán. Ẹ̀kọ náà jókòó nínú ewé rẹ̀, ó dá dúró, kò làágùn, kò sì sí ẹni tó gbé e sí yìnyín. Mo fi ọ̀bẹ gé e. Ó gé. Mo wo ẹ̀kọ yẹn pẹ́, mo sì sọ fún ara mi pé orí mi kò pé, ògì ló ń mú un dì.

Ògì tó ti kan yóò ba àgbọn jẹ́, nítorí náà mo rẹ àgbàdo fún ìwọ̀nba àkókò, mo lọ̀ ọ́, mo sẹ́ ẹ, mo ń da omi orí rẹ̀ nù, mo ń bu òmíràn sí i, kí ó má baà kan. Mo kọ́kọ́ jẹ́ kí àgbọn ki lórí iná, mo wá fi omi àgbọn po ògì náà, mo dà á sí i díẹ̀díẹ̀, mo ń rò ó, n kò sinmi, títí tí òórùn ògì tútù fi kúrò, tí ó sì ń ṣí kúrò lára ìkòkò. Ti àkọ́kọ́ pọ̀ jù, ó di ẹ̀kọ aláàgbọn. Mo dín ògì kù. Èyí tó tẹ̀lé e dì láìsí yìnyín, láìsí fíríìjì, ó gé, ó sì rọ̀ lẹ́nu. Ọmọ mi tọ́ ọ wò, ó tún mú òmíràn láìbi mí, mo sì mọ̀ pé mo ti rí i.

Ó yẹ kí n fi í mọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọ aláṣọ funfun ni mo ń lọ, ọ̀rọ̀ tó bá ju agbára mi lọ, mo máa ń gbé e lọ síwájú pẹpẹ. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìrìn àjò ẹ̀gbọ́n mi, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé ní ọjọ́ tí yóò wá, n kò ní fi oúnjẹ tàbí omi kan ẹnu títí oòrùn yóò fi wọ̀, kí Òun lè la ẹnu ẹ̀gbọ́n mi. Irú ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀, a kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní ìjọ wa. Ẹni tó bá kéde rẹ̀ ti jẹ èrè rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni a sì ti fi àdéhùn sí pé wọn yóò wá, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, tí wọn yóò sùn mọ́jú ní etí omi kí wọ́n tó wọkọ̀. Títọ́ wò tí mo fẹ́ tọ́ ọ wò ni yóò ṣínu ààwẹ̀ mi. Mo tilẹ̀ rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ da àgbọn lé orí ìsàlẹ̀ tó ti yan, èéfín ṣì ń jáde lára rẹ̀, ni fóònù dún. Bàbá ni.

“Ọlọ́kọ̀ ní omi yóò ti fà ní àárọ̀ ọ̀la, ọkọ̀ kò ní lè kọjá. Ọ̀sán òní ni wọ́n ń lọ. A ti wà lọ́nà ilé rẹ.”

“Bàbá, kò tíì dì!”

“Kí ni kò tíì dì?”

Mo pa fóònù. Mo bu omi tútù sínú agbada ńlá, mo rọra gbé páànù náà sínú rẹ̀ kí omi má baà bo àgbọn. Ọmọ mi ń da èyí tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ nù, ó ń bu òmíràn, kò sì bá mi ṣàwàdà kankan. Mo fi ìka tẹ etí rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fi ẹnu fẹ́ ẹ, mo tún fi ìka tẹ̀ ẹ́. Aṣọ mi ti rin fún òógùn, ọ̀fun mi sì gbẹ bí ìsàlẹ̀ agolo. Mo gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí etí àga. Ó wọ aṣọ dúdú, ó ti rù. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní, “Pẹ̀lẹ́.” Bàbá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, mo sì fi ọkàn bẹ Ọlọ́run pé kí àdúrà náà gùn, kí àgbọn lè ráyè. Ó gùn. Bàbá gbàdúrà fún ọkọ̀, fún omi, fún àwọn tó ti sùn. Nígbà tí wọ́n dárúkọ ìyá wa, ẹ̀gbọ́n mi fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Wọ́n ṣe àmín, wọ́n ní, “Gbé e wá.”

Mo gbé páànù náà sórí tábìlì kékeré níwájú wọn. Mo ki ọ̀bẹ bọ omi gbígbóná, mo nù ún, kí ó má baà fa àgbọn ya. Gbogbo ojú wà lára ọwọ́ mi. Mo fi ọ̀bẹ lé e, mo tẹ̀ ẹ́, ó wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó kan ìsàlẹ̀, mo gbọ́ bí ìsàlẹ̀ náà ṣe dún. Mo fa ọ̀bẹ yọ. Mo dúró. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dúró pẹ̀lú mi, wọn kò ṣàn, wọn kò nà. Mo gé e lóròó, mo gé e níbùú. Mo yọ ọ̀kan jáde, igun mẹ́rin rẹ̀ pé. Mo rí i tí ẹ̀gbọ́n mi ń wo inú ibi tí mo ti yọ ọ́, ó ń wo ara àgbọn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan. Kò sí ohun tó rí níbẹ̀ ju àgbọn lọ. Mo mí kanlẹ̀.

Bàbá ní, “Ó dára. Ìwọ tí o sè é, tọ́ ọ wò.”

Ẹ̀yin tó ń kà á, ó lè ti wá sí yín lọ́kàn ṣáájú. Kò wá sí èmi lọ́kàn. Láti ìgbà tí fóònù ti dún, kí àgbọn dì ni gbogbo ẹ̀mí mi wà lé lórí, n kò rántí pé oòrùn ṣì wà lókè. Ègé àgbọn wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀jẹ́ wà lọ́rùn mi, ẹ̀gbọ́n mi sì ń wò mí.

Bí mo bá jẹ ẹ́, mo ti da ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́ nítorí rẹ̀. Bí n kò bá jẹ ẹ́, ó parí. Ṣé kí n wá sọ pé mo ń gbààwẹ̀? Ẹni tó bá fi májèlé sí oúnjẹ, tí wọ́n ní kí ó tọ́ ọ wò, kí ni yóò sọ bí kì í ṣe pé òun ń gbààwẹ̀? Mo wo ọmọ mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó na ọwọ́ pé òun yóò bá mi jẹ ẹ́. Bàbá fi orí kọ̀, wọ́n ní, “Ẹni tó sè é ni.”

Fóònù Bàbá dún. Ọlọ́kọ̀ ni, omi ti ń fà. Bàbá ní kí ó dúró. Ẹ̀gbọ́n mi kò kúrò lójú mi. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀, mo rí i tí ohun tí ó ti rò láti ọjọ́ ikú ìyá wa ń jókòó dáadáa nínú ojú náà. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

Mo bínú nígbà náà. N kò mọ ẹni tí mo ń bínú sí, bóyá òun ni, bóyá Bàbá ni, bóyá Ọlọ́run pàápàá. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, Olúwa, ẹ̀gbọ́n mi ni mo ní, kì í ṣe ẹ̀jẹ́. Ohunkóhun tí Ẹ bá fẹ́ fi mí ṣe, Ẹ fi mí ṣe é. Mo gbé ègé náà sókè, mo ya ẹnu, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan eyín mi nígbà tí ọwọ́ kan gbá ọrùn ọwọ́ mi mú.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni.

“Ààwẹ̀ lò ń gbà,” ó wí.

Mo fẹ́ fa ọwọ́ mi padà, kò fi í sílẹ̀.

“Itọ́ lò ń gbé mì láti ìgbà tí mo ti wọlé. Bí o ṣe máa ń ṣe láti kékeré nìyẹn bí wọ́n bá ní kí a gbààwẹ̀. Ètè rẹ ti funfun.” Ó yíjú sí Bàbá. “Ẹ̀yin ò mọ̀?”

Bàbá ní àwọn kò mọ̀.

Ó tún yíjú sí mi. “Nítorí kí ni?”

Omijé ti ń bọ́ lójú mi, mo sì ń wo ègé àgbọn tó wà lọ́wọ́ mi nítorí n kò lè wo ojú rẹ̀. Òun náà wò ó.

“Nítorí èyí?”

Mo fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Kò gba ègé náà lọ́wọ́ mi. Ó fa ọwọ́ mi sọ́dọ̀ ara rẹ̀ tàgbọntàgbọn, ó tẹ orí ba, ó gé e jẹ níbẹ̀. Ó jẹ ẹ́ pẹ́, ó gbé e mì. Ó tún gé òmíràn. Bàbá gbé ojú sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́.

Nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì kún, ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ṣé ìyá jẹ tiwọn tán lọ́jọ́ náà?”

Láti ọjọ́ tí ìyá wa ti kú, kò bi mí rí. Kò bi mí bí wọ́n ṣe lo ìrọ̀lẹ́ yẹn, ohun tí wọ́n sọ, bóyá ara ń ni wọ́n. N kò sì sọ ọ́ fún un, nítorí n kò mọ̀ pé ohun tí ó ń wá nìyẹn.

Mo ní, “Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní ó dùn. Wọ́n wá bi mí pé, ‘Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́, ṣé ó ti jẹun?’”

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá tábìlì náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì na ọwọ́ sínú páànù, ó mú òmíràn.